Eré Ìdárayá àti Ìwọ̀n Ṣúgà inú Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Tí Àtọ̀gbẹ Wà Nínú Ìdílé Wọn

Àṣamọ̀

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn láwùjọ wa ni pé bí àtọ̀gbẹ bá ti wọ ìdílé kan, kò ní ṣàì mú àwọn ọmọ ibẹ̀. Iṣẹ́ yìí yẹ èrò náà wò. A ṣàlàyé ohun tí ọmọ alátọ̀gbẹ ń jogún ní ti gidi, bí eré ìdárayá ṣe ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láìdúró de ínsúlíìnì, àti ohun tí àwọn ìwádìí tí a ṣe ní Ṣáínà, Fínlándì àti Amẹ́ríkà fi hàn. Àbájáde wa ni pé ewu ni ọmọ ń jogún, kì í ṣe àrùn náà gan-an. Eré ìdárayá lè dín ewu yìí kù lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kò lè tètè kan ọmọ tí a kò sọ fún pé àrùn náà wà nínú ìdílé rẹ̀.

1.0 Ìfáárà

Kí Yorùbá tó fi ọmọ fún ọkọ, wọn a ṣe ìwádìí. Alárinà a fọgbọ́n bèèrè bóyá wàrápá, ẹ̀tẹ̀ tàbí wèrè wà nínú ìdílé tí wọ́n fẹ́ bá dána. Ọgbọ́n wà nínú àṣà yìí, nítorí ó fi hàn pé àwọn baba wa ti ṣàkíyèsí pé àwọn àìsàn kan a máa tọ ìran lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àṣà náà ní àléébù kan: ó kọ́ àwọn ìdílé láti máa fi àìsàn pamọ́. Lóde òní, àtọ̀gbẹ ti di ọ̀kan lára ohun tí à ń fi pamọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí òǹkọ̀wé iṣẹ́ yìí. Egbò kékeré kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó gbé bàbá wa dé ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni àwa ọmọ ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ó ti lé ní ọdún 10 tí ó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí àìsàn òun kọ àwọn ọmọbìnrin òun. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọdún 10 tí àwa ọmọ ìbá fi tọ́jú ara wa ni ó bá ìpamọ́ náà lọ.

Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Kí ni ọmọ alátọ̀gbẹ ń jogún? Báwo ni eré ìdárayá ṣe ń nípa lórí ogún náà? Kí ni ẹni tí ó wà nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lè ṣe nílé, lóko àti níbi iṣẹ́ rẹ̀?

2.0 Àtọ̀gbẹ àti Ṣúgà inú Ẹ̀jẹ̀

Orúkọ tí Yorùbá sọ àìsàn yìí ti ṣàpèjúwe rẹ̀: àìsàn tí ń mú kí ènìyàn máa tọ̀ lemọ́lemọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí pé bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, a máa bá ìtọ̀ jáde, èèrà a sì máa kóra jọ síbi tí aláìsàn náà bá tọ̀ sí.

Bí a bá jẹ iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, ara a máa sọ ọ́ di ṣúgà kan tí à ń pè ní gúlúkóòsì. Gúlúkóòsì yìí a wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e káàkiri kí ara lè fi ṣe agbára. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí àwọn oníṣègùn ń pè ní páńkíríásì. Òun ni ó ń tú ohun kan tí ó ń jẹ́ ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ínsúlíìnì ni láti kéde pé ṣúgà ti dé, kí iṣan ara gbà á wọlé, kí ẹ̀dọ̀ sì dẹ́kun títú èyí tí ó ti kó pamọ́ jáde. Iṣan ara tí à ń sọ níhìn-ín ni ẹran tí ó bo egungun apá, itan àti ẹsẹ̀, tí a fi ń gbé nǹkan, tí a sì fi ń rìn.

Oríṣi àtọ̀gbẹ méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú oríṣi kìíní, páńkíríásì kì í lè pèsè ínsúlíìnì mọ́, oríṣi yìí sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe. Nínú oríṣi kejì, ínsúlíìnì wà, ṣùgbọ́n ara ti di etí sí i. Páńkíríásì a wá máa tú púpọ̀ sí i jáde láti borí etí dídi náà, títí agbára rẹ̀ yóò fi pin. Oríṣi kejì yìí ni ó pọ̀ jù láàrin àwọn àgbàlagbà, òun náà ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí kò jẹun láti òru mọ́jú bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí ṣúgà rẹ̀ kò tó mílígíráàmù 100 nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn 100 mg/dL, kò séwu. Láti 100 dé 125, Ẹgbẹ́ Àtọ̀gbẹ ti Amẹ́ríkà kà á sí ẹnu ààlà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹnu ààlà náà láti 110. Bí ó bá di 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò kejì sì jẹ́rìí sí i, àtọ̀gbẹ ni. Ẹni tí ó wà lẹ́nu ààlà kì í sábà mọ nǹkan kan lára. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

3.0 Ohun Tí Ọmọ Alátọ̀gbẹ Ń Jogún

Kò sí àní-àní pé oríṣi kejì yìí a máa tọ ìdílé. Nínú ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí a ṣe ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, ewu àtọ̀gbẹ lára ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní in tó ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ ti ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ kò ní in. Bí ó bá jẹ́ bàbá àti ìyá ni wọ́n jọ ní in, ewu náà tó ìlọ́po mẹ́fà.

Kí ni ó fa èyí? Ìwádìí mìíràn tí a ṣe ní ìlú Boston, tí ó jáde ní ọdún 1990, tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ náà tọ ènìyàn 155 lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá àti ìyá gbogbo wọn ni ó ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò tíì ní in nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀. A rí i pé lára àwọn tí ó padà ní in, ó ti lé ní ọdún 10 kí àrùn náà tó yọjú tí ṣúgà ti ń falẹ̀ kí ó tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Etí dídi sí ínsúlíìnì ni ó ṣáájú. Àrùn ni ó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ láti Iceland kéde jíìnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TCF7L2, tí ó ń fi kún ewu yìí. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà. Kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ jíìnì ni ó ń lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fi díẹ̀ kún un.

Ṣùgbọ́n ìdílé kì í fi jíìnì nìkan lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ a máa jogún ìwọ̀n òkèlè, mínírà tí a fi ń gba àlejò, àti àṣà jíjókòó sídìí tẹlifíṣàn láti ìrọ̀lẹ́ títí di àkókò orun. Nítorí náà, bí a bá sọ pé àtọ̀gbẹ jẹ́ àrùn ìdílé, ogún méjì ni à ń sọ: ọ̀kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, èkejì wà nínú ìṣe. A kò lè pààrọ̀ èkíní, ṣùgbọ́n a lè kọ èkejì.

4.0 Bí Eré Ìdárayá Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Kí òye ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọkọ̀ ẹrù bá dé ọjà, ẹrù kì í dá rìn wọ inú ìsọ̀. Àwọn alábàárù ni ó ń gbé e wọlé. Nínú iṣan ara, alábàárù wà tí ń gbé ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan. GLUT4 ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní orúkọ. Bí kò bá sí iṣẹ́, inú iṣan lọ́hùn-ún ni ó máa ń wà. Bí ínsúlíìnì bá pè é, a jáde sí ẹnu ọ̀nà láti wá gbé ẹrù.

Ìṣòro ọmọ alátọ̀gbẹ ni pé ohùn ínsúlíìnì kì í tètè dé etí àwọn alábàárù rẹ̀. Ẹrù a kóra jọ sí ojú ọ̀nà. Ìyẹn ni pé ṣúgà a pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn alábàárù náà kò kú, wọn kò sì yarọ. Ìpè ni wọn kò gbọ́.

Ibí yìí gan-an ni eré ìdárayá ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí iṣan bá ń sún kì, tí ó sì ń nà, bí ìgbà tí a bá ń rìn kánkán, tí à ń gun òkè tàbí tí à ń roko, iṣan náà fúnra rẹ̀ a pe àwọn alábàárù jáde. Ìpè yìí kò gba ọ̀dọ̀ ínsúlíìnì rárá. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó jogún etí dídi sí ìpè àkọ́kọ́ ṣì ń gbọ́ ìpè kejì. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń rìn, ṣúgà ń wọlé.

Lẹ́yìn tí eré bá ti parí, àǹfààní mìíràn a tẹ̀ lé e. Fún nǹkan bí wákàtí 24 sí 72, ara a máa gbọ́ ohùn ínsúlíìnì dáadáa ju bí ó ti ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣan tí ó ti ná ṣúgà tí ó fi pamọ́ ń fẹ́ fi òmíràn dípò rẹ̀. Bí a bá sì sọ eré náà di àṣà, iye àwọn alábàárù inú iṣan a pọ̀ sí i. Èyí ni ó fà á tí eré ìdárayá ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kò fi lè tó.

5.0 Ẹ̀rí Láti Inú Ìwádìí

Ìwádìí tí ó bá àkòrí wa mu jù lọ jáde láti Yunifásítì Yale ní ọdún 1996. Àwọn onímọ̀ náà lo àgbàlagbà 10 tí òbí wọn ní àtọ̀gbẹ, tí ara tiwọn náà sì ti di etí sí ínsúlíìnì, pẹ̀lú ènìyàn 8 tí ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n ní kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ tí ó dà bí àtẹ̀gùn fún ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí, agbára iṣan láti gba ṣúgà kí ó sì tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ínsúlíìnì bá pè é pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po méjì, lára àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ àti lára àwọn yòókù. Kódà, ìyípadà ti hàn lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe eré náà. Àwọn tí a yẹ̀ wò kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí náà fi hàn pé ogún kò di iṣan lọ́wọ́ láti jàǹfààní eré.

Ṣé àǹfààní yìí lè dá àrùn náà dúró? Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ ní ìlú Da Qing ní Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ènìyàn 577 tí ṣúgà wọn wà lẹ́nu ààlà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ìdá 67.7 nínú 100 àwọn tí kò yí ìṣe wọn padà ti ní àtọ̀gbẹ. Lára àwọn tí a fún ní ètò eré ìdárayá nìkan, ìdá 41.1 ni. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ fínnífínní, eré ìdárayá dín ewu náà kù ní ìdá 46 nínú 100. Nínú ìwádìí tí Fínlándì ṣe lórí ènìyàn 522, tí ó jáde ní 2001, àti èyí tí Amẹ́ríkà ṣe lórí ènìyàn 3,234, tí ó jáde ní 2002, àwọn olùkópa yí oúnjẹ wọn padà, wọ́n dín sísanra kù, wọ́n sì ń ṣe eré. Ìdá 58 nínú 100 ni ewu fi dín kù nínú ìwádìí méjèèjì. Ti Amẹ́ríkà fi oògùn metformin wéra pẹ̀lú rẹ̀: ìdá 31 ni oògùn náà dín in kù.

Ohun kan tún hàn nínú ìwádìí ti Amẹ́ríkà yìí tí ó kan ọmọ ìdílé alátọ̀gbẹ gbọ̀ngbọ̀n. A yẹ jíìnì TCF7L2 àwọn olùkópa wò. Láàrin àwọn tí kò yí ìṣe padà, ewu àwọn tí ó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá fi nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ju ti àwọn tí kò jogún rẹ̀ rárá lọ. Láàrin àwọn tí ó yí ìṣe padà, ìyàtọ̀ náà lọ sílẹ̀ sí ìdá 15, débi pé a kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó wà.

Ó yẹ kí a sọ òdodo: eré ìdárayá kì í pa ogún rẹ́. Ní Da Qing, ó ju ìdá 40 nínú 100 àwọn tí ó ṣe eré tí ó ṣì padà ní àrùn náà láàrin ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kí àrùn pẹ́ dé náà jẹ́ èrè ńlá. Nígbà tí a tún wo gbogbo àwọn tí ó yí ìṣe padà ní Da Qing lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, nínú àbájáde tí ó jáde ní 2019, a rí i pé àtọ̀gbẹ fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin pẹ́ kí ó tó mú wọn. Ọdún mẹ́rin jẹ́ àkókò tí kò fi ní lè ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́.

6.0 Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà, Ìgbé Ayé Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní ọdún 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn akẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó ṣẹ̀ láti Áfíríkà. Àwọn tí ó sọ pé àwọn ní àtọ̀gbẹ jẹ́ ìdá 2 nínú 100 ní Nàìjíríà, ìdá 9 ní àwọn erékùṣù Karibeani, àti ìdá 11 ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orírun wọn kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n ìgbé ayé wọn yàtọ̀.

Kí a má ṣe rò pé ilé lọ́dọ̀ tiwa dára ju ti wọn lọ. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tí ó jáde ní 2018 gbé iye àwọn alátọ̀gbẹ láàrin àgbàlagbà Nàìjíríà sí ìdá 5.77 nínú 100. Ọ̀kadà ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta ti gba iṣẹ́ ọlọ. Àwa olùkọ́ a wọ ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, a jókòó máa ìwé ìdánwò di ìrọ̀lẹ́, a tún wọ ọkọ̀ padà sílé. Àwọn baba wa lè jẹ iyán ńlá kí wọ́n sì rin ibùsọ̀ mẹ́ta lọ sóko. Iyán ni a mú dání. A fi oko sílẹ̀.

7.0 Bí A Ṣe Lè Ṣe É

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2020, gba àgbàlagbà nímọ̀ràn láti ṣe eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí ó sì ṣe èyí tí ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Fún ọmọ ìdílé alátọ̀gbẹ, a dábàá àwọn ohun wọ̀nyí:

(i) Kí ó máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Òdiwọ̀n rẹ̀ ni pé kí ó lè sọ̀rọ̀ bí ó ti ń rìn, ṣùgbọ́n kí ó má lè kọrin.

(ii) Kí ó má jẹ́ kí ọjọ́ méjì tẹ̀ léra kọjá láìṣe eré, nítorí pé àǹfààní rẹ̀ kì í pẹ́ lọ títí.

(iii) Kí ó rìn fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá oúnjẹ alẹ́. Ìwádìí kékeré kan tí a ṣe lórí àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ní 2013 fi hàn pé èyí ń dá ṣúgà tí ń ga sókè lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ dúró ju ìrìn ìṣẹ́jú 45 ní òwúrọ̀ lọ.

(iv) Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìjókòó, kí ó máa dìde rìn fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ní gbogbo ìdajì wákàtí.

(v) Kí ó máa ṣe ohun tí ń mú iṣan le: kí ó lóṣòó kí ó sì dìde lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó pọn omi, kí ó gún iyán, kí ó roko ẹ̀yìnkùlé.

Kò sí èyí tí ó gba owó nínú wọn. Ijó pàápàá wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi tọkàntọkàn jó bàtá fún ìdajì wákàtí ti ṣe eré ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n eré kì í ṣe àṣẹ láti jẹ àjẹkì. Kí òkèlè náà dín kù.

8.0 Àwọn Ìkìlọ̀

Ẹni tí ó ti ní àtọ̀gbẹ, tí ó sì ń lo ínsúlíìnì tàbí oògùn bíi glibenclamide, gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré, nítorí ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. Bí ó bá ń gbọ̀n, tí ó ń làágùn òjijì, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kí ó tètè mu omi tí a po ṣúgà sí. Kí ó wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́. Ẹni tí àyà bá ń dùn nígbà tí ó ń ṣe eré gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, kí ó sì lọ rí dókítà.

Bákan náà, eré àsápajúdé lè gbé ṣúgà sókè fún ìgbà díẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ a máa tú èyí tí ó kó pamọ́ jáde. Kí ẹni tí ó bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀ má ṣe torí èyí sọ pé eré kò wúlò.

9.0 Ìkádìí

A ti rí i pé ewu ni ọmọ alátọ̀gbẹ ń jogún, pé iṣan ara ní ìpè tirẹ̀ tí kò gba ọ̀dọ̀ ínsúlíìnì, àti pé ẹni tí ó bá ń lo ìpè náà déédéé lè dín ewu náà kù tàbí kí ó mú kí àrùn náà pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo èyí: kí ọmọ náà mọ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé kan náà ni ó yẹ kí a wò kí a tó fi ọmọ sílẹ̀ láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí òbí tí ó ní àtọ̀gbẹ pe àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó, kí ó sọ fún wọn. Kí ọmọ tí ó ti bàlágà lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá dára, kí ó tún un ṣe láàrin ọdún mẹ́ta. Bí ó bá wà lẹ́nu ààlà, kí ó máa ṣe é lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn tí a kúrò ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ sí, òǹkọ̀wé yìí àti àwọn àbúrò rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Ti òǹkọ̀wé jẹ́ 112 mg/dL. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àwọn ọmọ wa a máa bá wa rìn yí pápá ilé ẹ̀kọ́ ká. Wọ́n mọ ohun tí bàbá bàbá wọn ní, wọ́n sì mọ ìdí tí a fi ń rìn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.